Báwo ni kí a ṣe kọ́ olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì láti dúró ti ọmọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀?

Olùgbaninímọ̀ràn, Ìbàdàn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa. Iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ni mò ń ṣe ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìbàdàn. Láti ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, tí àwọn ọmọ 35 kú nígbà tí èrò ya lu ara wọn níbi àríyá ọmọdé ní ọgbà Islamic High School ní Baṣọ̀run, ni ọ̀rọ̀ àwọn tó ṣẹ́ kù kò ti kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ tó bá kú a máa ní ẹ̀gbọ́n, a máa ní àbúrò, a sì máa ní ẹni tí wọ́n jọ ń jókòó ní kíláàsì, àwọn wọ̀nyí ló sì ń padà wá bá wa nígbà tí sáà tuntun bá wọlé.

Ní ilé-ìwé tiwa, ọmọ kan ṣaláìsí lẹ́nu àìsàn nígbà ìsinmi. Lọ́jọ́ tí a wọlé, olùkọ́ rẹ̀ ń pe rẹ́jísítà, ó dé orí orúkọ náà, ó mú bírò pupa, ó fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá, ó sì pe orúkọ tó tẹ̀ lé e. Ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà dorí kodò sórí tábìlì, kò sì gbé e sókè títí agogo ìsinmi fi lù. Olùkọ́ yìí kì í ṣe òǹrorò rárá; ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó ṣe ni.

Ọ̀gá ilé-ìwé wa ti gbà pé kí a pe àwọn olùkọ́, àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn àdúgbò àti àwọn òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn ìjọba ìbílẹ̀ jọ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Kí ni kí a kọ́ wọn? Ta ni yóò kọ́ wọn? Ṣé ọjọ́ kan ṣoṣo lè tó?

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé

Mo kí yín fún èrò rere yìí. Bí ó bá jẹ́ èmi, ọ̀nà tí a fi ń túfọ̀ fún ọmọ ni n óò fi bẹ̀rẹ̀. Láàárín àwa àgbà, ẹ̀yẹ ni kí a sọ pé òkú papòdà, pé wọ́n ti sùn, pé wọ́n ti rìnrìn àjò, ẹnikẹ́ni kò sì ní sọ fún wa kí á fi ẹ̀yẹ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ṣe sọ ọ́ ni ọmọ ọdún márùn-ún ṣe máa gbà á. Èyí tí a sọ fún pé ìyá rẹ̀ sùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àtisùn, èyí tí a sì sọ fún pé bàbá rẹ̀ lọ sí ìrìn àjò yóò máa sáré sẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá dúró níwájú ilé. Nígbà tí ó bá wá gbọ́ òótọ́ lẹ́nu ọmọ aládùúgbò, ọ̀fọ̀ méjì ló ń ṣe: ti bàbá rẹ̀, àti ti ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó ní nínú àwọn tó kù.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn tó wá gba ẹ̀kọ́ jókòó ní méjì-méjì, kí ọ̀kan ṣe ọmọ, kí èkejì sọ ọ́ jáde: "Màmá rẹ ti kú. Ara wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọn kò mí mọ́, ebi kò pa wọ́n, nǹkan kan kò sì dùn wọ́n. Wọn kò ní lè padà wá sílé. Kì í ṣe ohun tí o ṣe tàbí ohun tí o sọ ló fà á." Ó rọrùn láti kà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni ẹnu wọn máa ń wúwo kí wọ́n tó sọ ọ́ tán, ó sì sàn kí ó wúwo níwájú ẹlẹgbẹ́ ẹni ju níwájú ọmọ lọ. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni kí wọ́n má fò rárá, nítorí ọmọ a máa rò pé ìbínú òun tàbí àìgbọràn òun ló pa òkú.

Kí wọ́n tún mọ bí òye ọmọ ṣe ń dàgbà. Pé òkú kì í padà wá, pé ara òkú kì í ṣiṣẹ́ mọ́, pé gbogbo ẹ̀dá ni yóò kú: láàárín ọdún márùn-ún sí méje ni èyí máa ń yé ọ̀pọ̀ ọmọ. Èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀ lè béèrè ìbéèrè kan náà lówùúrọ̀ àti lálẹ́, ìdáhùn kan náà ni kí a sì máa fún un. Ẹlòmíràn a sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà a lọ gbá bọ́ọ̀lù, àwọn àgbà a sì ní kò dùn ún. Ó dùn ún o. Bí ọmọdé ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn. Àwa nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń gbé inú rírun àti ìtọ̀ orí ibùsùn wá bá. Kí a kọ́ wa láti béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kí á tó kọ oògùn sílẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, Lọ́ńdọ̀nù

Mo gbà pẹ̀lú ìyá wa nọ́ọ̀sì. Ní orílẹ̀-èdè tí mo wà yìí, ó ti pẹ́ tí àwọn àjọ kan ti gbájú mọ́ iṣẹ́ yìí: Winston's Wish bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992, Child Bereavement UK ní 1994, tí Dougy Center ní ìlú Portland ní Amẹ́ríkà sì ti wà láti 1982. Ohun tí mo rí kọ́ lára iṣẹ́ wọn ni pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan kò tó. Ẹ kọ́ wọn fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n sì máa padà pàdé lóòrèkóòrè, kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù wọ́n lọ máa gbọ́ ohun tí ojú wọn ń rí. Olùkọ́ tí ọ̀fọ̀ tirẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀ kò lè máa gbé ti ogójì ọmọ láìsí ẹni tó ń gbé tirẹ̀.

Kò sí ìdí láti kó gbogbo àṣà tibí wá sílé. Wọ́n máa ń jẹ́ kí ọmọ kó fọ́tò, aṣọ tàbí lẹ́tà olóògbé sínú àpótí ìrántí, ó sì dára. Àwọn baba wa náà gbẹ́ ère ìbejì nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ìyá a máa wẹ̀ ẹ́, a máa bọ́ ọ, èyí tó ṣẹ́ kù a sì máa dàgbà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ère ní fìlà bàbá, ní tẹ̀sùbáà ìyá àgbà. Nǹkan tí ọwọ́ ọmọ lè dì mú ni kí a wá fún un.

Kí ẹ̀kọ́ náà sì sọ ibi tí agbára olùkọ́ mọ. Ọmọ tó bá ń sọ pé òun fẹ́ kú kí òun lè lọ bá ìyá òun, tàbí tí kò jẹun mọ́, ti kọjá ọwọ́ ilé-ìwé; kí wọ́n gbé e lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, tàbí sí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro ní Abẹ́òkúta láìfi falẹ̀. Ní ti ẹni tí yóò kọ́ni, ẹ má wá a jìnnà. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nípa ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́.

Àáfà onílé-kéwú, Ìwó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má yọ àwa àáfà àti àwọn pásítọ̀ sílẹ̀, torí pé àwa la sábà ń kọ́kọ́ wọlé òkú. Lọ́dọ̀ tiwa, ọjọ́ náà gan-an ni a ń sin òkú bí ó bá ṣeé ṣe. Ọmọ tó wà ní ilé-ìwé lè dé bá ilé tí wọ́n ti sìnkú tán, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi í bóyá ó fẹ́ wo ojú bàbá rẹ̀. Àwa náà la máa ń sọ pé Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe mú un lọ. Àgbà rí ìtùnú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ lè máa bẹ̀rù pé Ọlọ́run fẹ́ràn òun náà.

Ibi tí n kò ti bá nọ́ọ̀sì wa dọ́gba ni pé kì í ṣe olùkọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ túfọ̀ bí ẹbí bá wà. Ẹ kọ́ olùkọ́ láti lọ bá bàbá àgbà inú ilé, kí ó jókòó, kí ó bá a sọ ọ́ tí yóò fi gbà pé kí òun fúnra òun sọ òótọ́ fún ọmọ. Ní 1954, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà àrùn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Aro, ó mú ẹbí àti àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ wọ inú ìtọ́jú, ó sì bójú mu.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Bí ọmọ kékeré bá kú, àṣà wa kì í jẹ́ kí àwọn òbí mọ ojú oórì rẹ̀, a sì máa ń ka dídárúkọ rẹ̀ léèwọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó ń pọ̀n ọ́n sẹ́yìn lánàá kò ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀ lónìí. Irú ọmọ yìí ni ẹ kọ́ wọn láti máa wá kiri.

Olùgbaninímọ̀ràn, Ìbàdàn

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. N óò bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ mẹ́ta nígbà ìsinmi, ìpàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù nínú sáà, kí a sì pe àáfà méjì àti pásítọ̀ méjì mọ́ wọn. Ìbéèrè kan ló kù: lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n máa ń pín àwọn ọmọ fún ẹbí, ọ̀kan sí Àkúrẹ́, ọ̀kan sí Èkó. Kí ni a lè ṣe fún èyí tó ti kúrò lọ́wọ́ wa?

Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé

Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé tuntun náà, pẹ̀lú àṣẹ ẹbí, kí olùkọ́ rẹ̀ mọ ẹni tó kú, ìgbà tó kú àti ohun tí wọ́n ti sọ fún ọmọ náà. Kí ẹ sì bẹ ẹbí pé, bí ó bá ṣeé ṣe rárá, kí wọ́n má ya tẹ̀gbọ́n-tàbúrò nípá ní ọdún àkọ́kọ́. Bí wọ́n bá ti yà wọ́n ná, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ohùn ara wọn lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.