Ṣé kí n fo apá kejì The Wire?

Ọmọ Lísàbí:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí apá kìíní The Wire ni, eré ọlọ́pàá orí tẹlifíṣọ̀n tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, ìpín 13 rẹ̀ pátá, ọkàn mi ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Eré ọlọ́pàá tí mo mọ̀ ni èyí tí wọ́n á ti mú apànìyàn kí wákàtí kan tó pé, tí ọ̀gá ọlọ́pàá á wá dúró máa rẹ́rìn-ín. Nínú eléyìí, ẹlẹ́rìí kan nàka sí ọ̀daràn nílé ẹjọ́, kí ìpín kìíní tó parí òkú rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Họ́wù! Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi sùúrù ka nọ́ńbà pẹ́jà, tí wọ́n ń tọrọ àṣẹ lọ́dọ̀ adájọ́ kí wọ́n tó lè tẹ́tí sí fóònù ẹnì kan, tí àwọn ọmọ náà sì jókòó sórí àga aláwọ̀ ọsàn lójúde, tí wọ́n ń ta oògùn olóró lọ ní tiwọn.

Ìbéèrè mi rèé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fo apá kejì, kí n bọ́ sí ẹ̀kẹta. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ wọ́ọ̀fù ló kún ibẹ̀, pé Avon àti Stringer Bell, àwọn ọ̀gá tó ń ta oògùn olóró, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde. Dátà mi ò pọ̀, àkókò gan-an ò sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, kí ni kí n ṣe? Ẹ dákun, ẹ má sọ òpin rẹ̀ fún mi.

Akin Mókọ́lá:

Fò ó, jàre. Apá kìíní ti jẹ́ kó o mọ Bodie, D'Angelo, Omar, gbogbo ọkàn rẹ wà lọ́dọ̀ wọn, wọ́n wá gbé ẹ lọ sáàárín àwọn òyìnbó ọ̀mùtí kan létí omi. Ziggy tó wà níbẹ̀, n kò lè fara dà á rárá. Apá kẹta ni kó o lọ, níbi tí ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Colvin, ti kó gbogbo àwọn tó ń ta oògùn olóró lọ sí àdúgbò àhoro, tó ní ẹnikẹ́ni ò ní mú wọn níbẹ̀ níwọ̀n bí wọ́n bá ti fi ìyókù ìlú sílẹ̀. Ìyẹn leré.

Bàbá Tálì:

Ọmọ Lísàbí, má fò ó o. Mo bẹ̀ ọ́. Akin, mo gbọ́ tìrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ débi tó yẹ.

Akọ̀wé tálì ni mí ní wọ́ọ̀fù Apápá kí wọ́n tó gbé ibẹ̀ fún àwọn aládàáni ní 2006. Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà: bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀, tí kíréènì bá ń sọ kọ̀ńtẹ́nà kalẹ̀, èmi ni mo máa wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú pátákó àti bírò. Mo máa kọ nọ́ńbà ara rẹ̀, mo máa wo síìlì ẹnu ilẹ̀kùn bóyá wọ́n ti já a, mo máa kọ ibi tó ti fún tàbí tó ti lu. Òjò o, oòrùn o. Láti kékeré ni mo ti ń wo eré ọlọ́pàá lórí tẹlifíṣọ̀n, n kò rí èyí tó rántí pé irú wa wà láyé rí. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Maryland ló fi DVD apá márààrún ránṣẹ́. Ìgbà tí mo dé apá kejì, tí mo rí ọkùnrin kan tó dúró lábẹ́ kíréènì tó ń ka kọ̀ńtẹ́nà, mo dá a dúró, mo pe ìyàwó mi láti yàrá pé kó wá wo iṣẹ́ tí mò ń lọ láàárọ̀ gbogbo ọdún wọ̀nyẹn.

Àwọn tó ní kí èèyàn fo apá yìí ń sọ pé ó kúrò lórí ọ̀rọ̀. Èmi ò gbà. Apá kìíní fi ọjà hàn ọ́ níbi tí wọ́n ti ń tà á ní wẹ́wẹ́, lójúde, lọ́wọ́ ọmọdé. Ọjà yẹn kò hù nílẹ̀ Baltimore. Ẹnu ibodè ló gbà wọlé, èèyàn ló sì ṣí ibodè fún un. Apá kejì ni èèyàn náà.

Frank Sobotka lorúkọ rẹ̀, akápò ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀fù. Chris Bauer ló ṣe é, ó sì ṣe é dé góńgó. Frank ń gbowó lọ́wọ́ àwọn afàyàwọ́, kò sẹ́ni tó ní kò ṣe é. Ṣùgbọ́n wo ibi tí owó náà ń lọ. Kò fi kọ́lé, kò fi ra mọ́tò. Àwọn òṣèlú ló ń kó o fún, kí wọ́n lè gbẹ́ ojú omi kó jìn sí i, kí wọ́n sì tún èbúté tí wọ́n ti ń kó ọkà ṣe, kí ọkọ̀ lè máa wá, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rí iṣẹ́ tó ju ọjọ́ márùn-ún mẹ́fà lọ lóṣù kan. Nick, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ní ọ̀rẹ́bìnrin àti ọmọ nílẹ̀, kò lè gbalé, nítorí wọ́ọ̀fù kì í pè é. Àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, bí ọkọ̀ ò bá sì pọ̀, kì í kan ọmọdé.

Ìran kan wà níbẹ̀ tí mo ti wò láwòtúnwò. Wọ́n pe Frank sí ìpàdé, wọ́n fi fídíò èbúté Rotterdam hàn wọ́n. Kíréènì ń lọ, ọkọ̀ ń gbé kọ̀ńtẹ́nà kiri, kò séèyàn kankan nínú rẹ̀. Ẹni tó ń ṣàlàyé ń yangàn sí i. Ojú Frank ni kó o máa wò, má wo fídíò. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé yẹn, tí wọ́n ń fi àwòrán dáadáa ṣàlàyé ohun tuntun tó ń bọ̀ fún àwa tí kò ní sí àyè fún nínú rẹ̀. Bí ojú gbogbo wa ṣe rí nìyẹn.

Ẹ sì wo ohun tó dá ìwádìí ọlọ́pàá sílẹ̀. Ẹ ó rò pé oògùn olóró ni. Fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì ni! Àwọn ọmọ Poland ló ni ṣọ́ọ̀ṣì náà. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ Valchek fẹ́ fi fèrèsé gíláàsì aláràbarà ta wọ́n lọ́rẹ, kó tó dé ibẹ̀ Frank àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbé tiwọn wá, ó tóbi ju tirẹ̀ lọ, ó sì ti wà níbi tí Valchek ń wò. Valchek ní kí wọ́n yọ ọ́, Frank ní ó tì. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ibo ni ẹgbẹ́ tí kò ríṣẹ́ ṣe ti rówó fèrèsé. Ó fi ìbínú yẹn gba ikọ̀ ọlọ́pàá lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó bá ti bá wọn jókòó sípàdé ìkówójọ ìjọ rí, tó ti rí bí bàbá ìjọ méjì ṣe ń figa gbága lórí orúkọ tí wọ́n máa kọ sára àga, mọ̀ pé kò sí àsọdùn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá gan-an, n kò tíì rí eré tó sọ ọ́ báyìí. Òkú obìnrin 13 nínú kọ̀ńtẹ́nà kan, ọ̀kan tún wà nínú omi. (Ìpín kìíní nìyẹn, n kò ba eré jẹ́ fún ọ.) Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sọ́kàn àwọn ọ̀gá ni pé ta ni wọ́n máa kọ ọ́ sí lọ́rùn. Ní ọ́fíìsì àwọn tó ń wádìí ìpànìyàn, pátákó kan wà lára ògiri: ẹjọ́ tó bá lójútùú, dúdú ni wọ́n fi ń kọ orúkọ òkú, èyí tí kò ní, pupa. Pupa 14 lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló fẹ́? McNulty, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ Rawls ti lé lọ sórí ọkọ̀ ojú omi láti fi jẹ ẹ́ níyà, jókòó, ó ṣírò bí ìṣàn omi ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀, ó fi hàn pé ẹjọ́ náà ti Rawls ni. Àánú òkú kọ́ ló ń ṣe é nígbà yẹn, ẹ̀san ló ń gbà. Síbẹ̀ ẹ̀san yẹn ló jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka àwọn obìnrin náà mọ́ ohun tó yẹ ní wíwádìí. David Simon tó dá eré yìí sílẹ̀ ti jẹ́ akọ̀ròyìn ọlọ́pàá fún Baltimore Sun, Ed Burns tí wọ́n jọ kọ ọ́ sì ti jẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ọlọ́pàá ní Baltimore kó tó lọ ṣe tíṣà. Ó hàn.

Akin, o ní òyìnbó ló kún ibẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ Poland ló ń sọ̀rọ̀ jù. Ṣùgbọ́n wo ẹgbẹ́ náà dáadáa, aláwọ̀ dúdú àti òyìnbó jọ ń já ẹrù, wọ́n jọ ń mutí, àdéhùn sì wà pé wọn á máa pààrọ̀ ipò. Frank ti ṣèlérí pé òun á kúrò fún Ott, aláwọ̀ dúdú kan nínú ẹgbẹ́ náà. Bóyá ó máa mú ìlérí yẹn ṣẹ, ìyẹn tún jẹ́ ohun tó yẹ kéèyàn wò.

Ziggy, ọmọ Frank, ń bíni nínú, mo fara mọ́ ọ. Kò sí ibi iṣẹ́ tí kò ní ọmọ ọ̀gá tó ń wá ẹni tó máa pọ́n òun lé.

Bó bá jẹ́ èmi ni kí n ní kí ẹnì kan fo apá kan, apá karùn-ún ni n bá mú. Ohun tí McNulty ṣe níbẹ̀, n kò gbà á gbọ́ títí di òní.

Ìyá Kẹ́hìndé, Baltimore:

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ìlú yìí ni mò ń gbé, mo sì fẹ́ fi tèmi kún un. Mo ní ìjà pẹ̀lú eré yìí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Freddie Gray, ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú ìlú yìí, kú lẹ́yìn tí ọlọ́pàá mú un, ní oṣù kẹrin 2015, tí ìlú gbóná janjan, àwọn ará ilé ń pè mí láti Lọ́ńdọ̀nù àti Èkó, wọ́n ní bí àwọn ṣe rí i nínú The Wire náà nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń béèrè àwọn ìyá tí a jọ ń wọ bọ́ọ̀sì ìdájí lọ síbi iṣẹ́. Apá kejì tí ẹ̀yin ń gbè lẹ́yìn nìkan ló kún fún àwọn tó ń jí láàárọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ìdí nìyẹn tí èmi náà fi fẹ́ràn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ má bínú, ohun kan wà tó ń dùn mí níbẹ̀. Àwọn obìnrin 14 yẹn, wọn ò lórúkọ. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ Frank, ojú rẹ̀, ọmọ rẹ̀, ìran baba rẹ̀. Àwọn obìnrin náà jẹ́ ẹrù. McNulty wá orúkọ ẹyọ kan nínú wọn kiri, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ Lísàbí, apá kẹrin tí wọ́n ṣe nípa ilé ìwé ni kó o má fò láéláé. Michael, Namond, Randy, Dukie. Mo wò ó pẹ̀lú ọmọ mi ọkùnrin, a ò lè sọ̀rọ̀ nígbà tó parí. Bí o bá sì rí Chris Partlow níbẹ̀, tó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò lè pa eṣinṣin, ọmọ tiwa ni ẹni tó ṣe é: Gbenga Akinnagbe, ìpínlẹ̀ Maryland yìí ló dàgbà sí, Nàìjíríà làwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú eré náà.

Bàbá Tálì:

Ìyá Kẹ́hìndé, ọ̀rọ̀ yín gún mi lọ́kàn. Mo rò pé àwọn òǹkọ̀wé mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ohun tí ìlú ṣe fún wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fún ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́nu láti sọ̀rọ̀, kò ní ba eré náà jẹ́. Frank gan-an, inú bí i nígbà tó mọ̀ pé èèyàn wà nínú kọ̀ńtẹ́nà. Síbẹ̀, kò béèrè kó tó di òkú. Èmi ò fi ìyẹn jì í.

Ọmọ Lísàbí:

Ẹ ṣé, ẹ̀yin àgbà. Mo ti wo ìpín méjì nínú apá kejì láti àná. Akin, má bínú sí mi. Bàbá Tálì, ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé òótọ́ ni pé kọ̀ńtẹ́nà lè pòórá báyẹn, ohun tó tó ilé kan?

Bàbá Tálì:

Òótọ́ ni, bí àwọn èèyàn bá fọwọ́ sí i. Gbogbo kọ̀ńtẹ́nà ló ní lẹ́tà 4 àti nọ́ńbà 7 lára. Lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ ń sọ ẹni tó ni ín, ẹ̀kẹrin sábà máa ń jẹ́ U. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn, láti inú lẹ́tà àti nọ́ńbà 10 tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè tètè mọ̀ bí akọ̀wé bá ṣi ọ̀kan kọ. Nítorí náà, kí èèyàn fi nọ́ńbà mìíràn pààrọ̀ rẹ̀ kò rọrùn. Ohun tó rọrùn ni pé kí ẹni tó ń kà á má kọ ọ́ rárá. Bí kò bá ti wọ àkọsílẹ̀, lójú kọ̀ǹpútà kò tíì kúrò nínú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ àwakọ̀ tírélà ti gbé e gba géètì kọjá. Ibi tí àṣírí ti ń tú ni ìwé ẹrù ọkọ̀, nítorí ìyẹn ti kà á mọ́ ohun tó wọlé.

Nítorí náà, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ nígbàkígbà tí kọ̀ńtẹ́nà bá sọnù ni kó o máa ṣọ́. Kó o sì máa wo Beadie Russell, ọlọ́pàá èbúté yẹn. Wọ́n fojú kéré rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun nìkan ló mọ wọ́ọ̀fù láàárín gbogbo wọn. Bí o bá dé ibi tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Frank ti ṣe ohun tí wọ́n ṣe sí bọ́ọ̀sì Valchek, kọ ọ́ síbí kíá. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ.