Ṣé "ẹsẹ̀ òkè" ni ká pe Vercors?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo rí àbá pé ká máa pe àwọn òkè bíi Vercors, ní gúúsù-ìlà-oòrùn Faransé, ní "ẹsẹ̀ òkè Alps" lédè Yorùbá. Mi ò fara mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ òkè ni ibi téèyàn máa ń dúró sí kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Grand Veymont, tó ga jù lọ ní Vercors, ga tó mítà 2,341. Mont Aiguille tó dá dúró lápá ìlà-oòrùn rẹ̀ ṣòro gùn débi pé àṣẹ Charles VIII, ọba Faransé, ló gbé Antoine de Ville débẹ̀ lọ́dún 1492, àkàbà ni wọ́n sì fi gun orí rẹ̀. Ẹsẹ̀ wo nìyẹn?

Préalpes ni àwọn Faransé ń pè é. Mo dábàá "òkè aṣáájú Alps". Aṣáájú kò ní kó kéré. Òun lẹni tó ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀ máa kọ́kọ́ kò.

"Òkúta ẹfun" (limestone) tẹ́ mi lọ́rùn fún òkúta ibẹ̀. "Ilẹ̀ oníhò" tí ẹnìkan dá fún irú ilẹ̀ tí òkúta yìí ń bí (karst) ni mo takò gidigidi. Òkété náà ń gbẹ́ ihò! Ohun tí omi ń ṣe níbẹ̀ ló yẹ kí orúkọ náà gbé yọ. Omi òjò ń yọ́ òkúta ẹfun díẹ̀díẹ̀, ojú ibi tó sán ń fẹ̀ sí i, títí omi fi rí ọ̀nà wọlẹ̀ pátápátá. Òjò ń rọ̀, yìnyín ń yọ́ lórí Hauts Plateaux, ilẹ̀ gíga tó tẹ́jú ní Vercors, síbẹ̀ agbára káká lèèyàn fi ń rí omi tó ń ṣàn lójú ilẹ̀. Inú ilẹ̀ ló wà. Lọ́dún 1953 ni wọ́n rí ihò Gouffre Berger; nígbà tó di 1956, àwọn tó wọ̀ ọ́ ti kọjá mítà 1,000 nísàlẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣe nínú ihò kankan láyé. Omi ibẹ̀ ń tú jáde ní Sassenage, lẹ́bàá ìlú Grenoble.

Nítorí náà, "ilẹ̀ agbómimì" ni tèmi. Ẹ lè ní yanrìn náà ń mu omi. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ mímu ni tiẹ̀, ó ń fà á díẹ̀díẹ̀ láàárín hóró rẹ̀. Vercors ń gbé odò odindi mì, ọ̀fun rẹ̀ là gbayawu. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ tó sọ èyí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó mú un wá.