Èkó sí Àkúrẹ́ nínú bàálù: báwo ló ṣe pẹ́ tó fún yín?

Ọmọ Ìjọ̀kà: Ẹ káàárọ̀ ilé o. Láti Ìkẹjà dé pápákọ̀ òfurufú Àkúrẹ́, fóònù mi ní kìlómítà 230. Wọ́n ní bàálù ńlá ń sá tó 800 ní wákàtí kan. Ṣebí ìṣẹ́jú 17 nìyẹn? Kí ló dé tí tíkẹ́ẹ̀tì ń pè é ní 45? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́ rí, ẹ wí tiyín. Ìyá mi ni mo fẹ́ rà á fún.

Àrẹ̀mú: 45 lókè. Tilẹ̀ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì Ìsọlọ̀: Ẹ ṣeun, Àrẹ̀mú! Ìgbéyàwó là ń lọ, inú ọyẹ́ ni. A ti jí kúrò nílé ní ìdájí torí Òṣòdì. A débẹ̀, wọ́n ní bàálù ò tíì dé láti Àbújá, kùrukùru ò jẹ́ kó gbéra. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n oòrùn ràn tán, wọ́n ṣì ń ní ká ṣe sùúrù. Gèlè mi ti wọ́! Ìgbà tá a wá gbéra, mi ò tíì mu ẹlẹ́rìndòdò mi dé ìdajì tí wọ́n fi ní ká de bẹ́líìtì, a ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó gba ojú títì ti jẹ iyán tán.

Sísí Ẹlẹ́kọ: Ẹ wé gèlè láti Ìsọlọ̀ 😂😂

Ìyá Ìbejì Ìsọlọ̀: Ta ni ì bá wé e fún mi ní Ọba-Ilé?

Ẹ̀ńjíníà: Ọmọ Ìjọ̀kà, bàálù kì í fò sókè kó bẹ̀rẹ̀ sí í sá 800. Yóò gòkè, yóò sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀nà tó kúrú báyìí, kò ní pẹ́ lórí eré ńlá rárá. Tó bá jẹ́ bàálù alábẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ATR, 500 ni tiẹ̀. Àti pé àkókò inú tíkẹ́ẹ̀tì ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tó bá ti ṣí kúrò níbi tó gúnlẹ̀ sí. Ẹ ka títò tó máa tò lẹ́yìn àwọn yòókù n'Íkẹjà mọ́ ọn.

Tóòótọ́: 230 kẹ̀? Mo rí 143. Ibòmíràn ní 124.

Ẹ̀ńjíníà: Ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀. 143 ni máìlì tilẹ̀. 124 ni máìlì àwọn awakọ̀ òfurufú àti ti ojú omi, kìlómítà 1.852 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lójú títì, ó lé ní kìlómítà 300.

Tóòótọ́: Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ iyán yẹn, ọ̀nà wo ló gbà? Mi ò gbà.

Ìyá Ìbejì Ìsọlọ̀: Ìbàdàn, Ifẹ̀, Iléṣà. Ẹ lọ bi í.

Àrẹ̀mú: Ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ ló yá jù.

Ọmọ Òkè-Àró: Lọ́dún wo? Ẹni tó bá há sí Ọ̀rẹ̀ rí kò ní sọ bẹ́ẹ̀.

Màmá Rẹ̀mí: Ọmọ Ìjọ̀kà, ti òwúrọ̀ ni kí o rà fún wọn. Bí ti ìrọ̀lẹ́ bá pẹ́, ilẹ̀ á ṣú, ọ̀pọ̀ pápákọ̀ kékeré ni kì í gba bàálù lálẹ́. Bí ẹsẹ̀ bá ń dùn wọ́n, ìgbà tó o bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ni kí o ti béèrè kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti àgbàlagbà.

Àrẹ̀mú: Ọ̀rẹ̀ lèmi ṣì wà o.

Sísí Ẹlẹ́kọ: Ọ̀nà Ifẹ̀ ló ní dòdò Ìkirè, ẹjọ́ ti parí.

Tóòótọ́: Bàálù là ń sọ, ẹ gbé dòdò dé.

Sísí Ẹlẹ́kọ: Ṣé wọ́n ń tà á lókè?