Tẹ́ńdà kì í ṣe ìdúnàádúrà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín láti Òṣogbo. Mo fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tí a jọ ń sọ lórí orúkọ tí a ó máa pe àwọn nǹkan iṣẹ́ ilé ní èdè Yorùbá.

Alàgbà wa dábàá lọ́sẹ̀ yìí pé kí a máa pe tẹ́ńdà, ìyẹn iye owó tí agbaṣẹ́ṣe kọ sínú ìwé láti fi du iṣẹ́, ní "ìdúnàádúrà". Ó tún ní kí a pe owó tí ẹni tó ni iṣẹ́ máa ń yọ lára owó agbaṣẹ́ṣe, tí kò ní san títí yóò fi dá a lójú pé iṣẹ́ náà kò lábùkù, ní "owó ìdádúró". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ìwé iṣẹ́ àtúnṣe ilé ni mò ń tọ́jú, mo sì mọ ohun tí ọ̀rọ̀ tí kò bá a mu lè dá sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹni tó bá ti ra iṣu ní Ọjà Ọba mọ ìdúnàádúrà. Ìyá ọlọ́jà pe iye kan, ìwọ bu tìrẹ, ẹ jọ ń gbọ́ ohùn ara yín títí ọ̀rọ̀ á fi wọ̀. Nínú tẹ́ńdà, agbaṣẹ́ṣe kọ iye tirẹ̀ sínú ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ pa, kò sì mọ ohun tí ẹlòmíì kọ. Òfin ọdún 2007 tó ń darí bí ìjọba àpapọ̀ ṣe ń gbé iṣẹ́ síta sọ pé ìpolówó iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí àwọn agbaṣẹ́ṣe ilẹ̀ wa du gbọ́dọ̀ ti jáde ní ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán kí àkókò ìgbàwé tó pé. Ojú àwọn tó mú ìwé wá ni wọ́n sì ti gbọ́dọ̀ tú u. Tí wọ́n bá ti tú u tán, kò sí ẹni tó tún lè bu owó kù. Tí a bá wá pe èyí ní ìdúnàádúrà, ńṣe là ń sọ fún agbaṣẹ́ṣe pé kó lọ bá ọ̀gá nílé lálẹ́. Ohun tí òfin náà ń dènà gan-an nìyẹn! "Ìdíyelé àlẹ̀pa" ni mo dábàá. Ẹni tó mú ìwé wá á sì jẹ́ "adíyelé".

Ní ti "owó ìdádúró", ìwé àdéhùn kan náà ló máa ń sọ owó ìtanràn tí agbaṣẹ́ṣe yóò san tó bá dá iṣẹ́ dúró kọjá ọjọ́ tí wọ́n dá. Èwo ni ẹni tó ń kà á yóò rò pé a ń sọ? Ẹ jẹ́ ká pè é ní "owó àyọpamọ́". Márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló wọ́pọ̀: tí wọ́n bá fọwọ́ sí ₦10,000,000, ₦500,000 nínú rẹ̀ á wà ní ìpamọ́. Wọ́n á san ìdajì rẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ìdajì tó kù á dúró di ìgbà tí àkókò àyẹ̀wò àbùkù bá kọjá.

Èyí tó ká mi lára jù ni "iṣẹ́ àfikún" tí ẹ̀gbọ́n kan fẹ́ fi rọ́pò fáríéṣọ̀n, ìyẹn àyípadà sí iṣẹ́ tí a ti jọ ṣàdéhùn lé lórí. Nínú àtúnṣe ilé àtijọ́, kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà lókè àjà títí wọ́n á fi ṣí i. Ikán ti lè jẹ igi òrùlé tán. Ògiri tí ẹ rò pé búlọ́ọ̀kù ni lè jẹ́ amọ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ lójú. Lóòótọ́, irú èyí máa ń fi kún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní kí fèrèsé àtijọ́ dúró, kí wọ́n kàn tún un kùn dípò kí wọ́n ra tuntun, fáríéṣọ̀n nìyẹn náà, owó ló sì dín. Ohun tó tún ṣe pàtàkì ni pé àṣẹ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Mo ti rí bírìkìlà tó wó ògiri tó tún un mọ nítorí ohun tí ẹni tó ni ilé fẹnu sọ, tí kò sì rí kọ́bọ̀ gbà lé e. "Àyípadà àfọwọ́sí" ló tẹ́ mi lọ́rùn, torí ó ń bi oníṣẹ́ léèrè pé ìwé dà.

Mo gba "ìwé òǹkà iṣẹ́" wọlé tọkàntọkàn fún ìwé tí wọ́n ń to iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti ìwọ̀n rẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí sáìtì máa jẹ́ sáìtì, kò sí lébìrà tó máa pè é ní nǹkan mìíràn.

Ó ku owó tí wọ́n máa ń kọ sínú ìwé fún iṣẹ́ tí ojú kò tíì tó, bí igi òrùlé yẹn kí wọ́n tó ṣí àjà. "Owó àfojúdá" ló wá sí mi lọ́kàn. Ta ló ní èyí tó dára ju bẹ́ẹ̀ lọ?