"Awọnmọ́lẹ̀" ni tèmi, ẹ fi "ojú" sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, okun o.

Ẹ̀gbọ́n wa ará Ìsánlú dá a lábàá pé kí a máa pe ẹ̀yà kékeré tó ń jẹ́ kí pátákó ìpolówó oníná mọ bí ilẹ̀ ṣe mọ́ tó ní "ojú ìmọ́lẹ̀". Àbúrò wa ará Mopà ní rárá, "adínmọ́lẹ̀kù" ló yẹ ẹ́. Mo ka àlàyé àwọn méjèèjì, n kò rí èyí tí mo lè gbà níbẹ̀.

Ojú fóònù, ojú tẹlifíṣọ̀n, ojú kọ̀ǹpútà: ibi tí àwòrán ti ń yọ ni gbogbo wa ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà ti lọ́kọ. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, pátákó ilé epo kan ní Kabba ń ṣe bàìbàì lọ́sàn-án gangan, èèyàn kò lè ka iye tí wọ́n ń ta jálá kan. Ọ̀gá ní kí ọmọṣẹ́ nu ojú rẹ̀. Ọmọ gun àkàbà, ó nù ún títí ó fi ń dán, síbẹ̀ bàìbàì náà ni. Ihò róbótó kan lábẹ́ férémù, tí kò ju orí ìṣó lọ, ni eruku ọyẹ́ ti dí pa. Ibẹ̀ ni ẹ̀yà tí à ń wí yìí wà. Ìmọ́lẹ̀ kò ráàyè wọlé bá a mọ́, ni pátákó bá rẹ iná ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé alẹ́ ti lẹ́. Tí ẹ bá wá sọ ihò yẹn náà di "ojú", èwo ni ọmọ yẹn ì bá nù?

Ti "adínmọ́lẹ̀kù" tún burú jù ú lọ. Ẹ̀yà yìí kì í dín nǹkan kan kù. Sílíkọ́nì ni, bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, iná mànàmáná díẹ̀ á ṣàn nínú rẹ̀, bí ìmọ́lẹ̀ sì ṣe ń pọ̀ ni iná yẹn ń pọ̀. Iye yẹn nìkan ló ń fi jíṣẹ́ fún bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù, ọpọlọ tó ń darí iná pátákó, ló ń pàṣẹ. Lọ́sàn-án, kí iná pọ̀ sí i gan-an ni àṣẹ rẹ̀. Oòrùn ọ̀sán lè tó 100,000 lux (òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan). Inú ọ́fíìsì tó níná dáadáa kò ju bíi 300 sí 500 lọ. Òṣùpá àrànmọ́jú kò tó 1. Pátákó tó dojú kọ oòrùn lè nílò 2,500 nits (òṣùwọ̀n bí pátákó fúnra rẹ̀ ṣe ń tàn tó) tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó ṣeé kà. Tó bá wà bẹ́ẹ̀ di òru, á máa gún awakọ̀ tó ń ti Lọ́kọ́ja bọ̀ lójú, á sì máa jẹ epo jẹnẹrétọ̀ lásán.

Ohun tó ń ṣe ni kó jẹ́: ó ń wọn ìmọ́lẹ̀. A ní "awọnlẹ̀" fún ẹni tó ń wọn ilẹ̀ (bó tilẹ̀ jẹ́ pé sàféyọ̀ ló pọ̀ lẹ́nu wa). "Tan ìmọ́lẹ̀" di "tànmọ́lẹ̀", kí ló dé tí "awọnmọ́lẹ̀" kò fi ní ṣeé pè? Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ fún mi pé èèyàn nìkan là ń fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ pè. Amúlétutù ńkọ́? Agbóhùnsílẹ̀ ńkọ́?

Mo fẹ́ kí "àyíká" tẹ̀ lé e: awọnmọ́lẹ̀-àyíká. Láìsí i, irinṣẹ́ tí àwọn ayafọ́tò fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ náà á máa jẹ́ awọnmọ́lẹ̀. Ó sì tún nídìí mìíràn. Pátákó fúnra rẹ̀ ń tàn. Bí ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ bá lọ ń bọ́ sínú ihò yẹn, ńṣe ni yóò máa tan ara rẹ̀ jẹ: á tàn sí i, á kà á sí oòrùn, á tún tàn sí i. Ìmọ́lẹ̀ tó ti ìta wá nìkan là ń wọ̀n.

Ó ku ọ̀kan. Bí ìkùukùu bá kọjá lójú oòrùn, pátákó tó dára kì í yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ dúró wò ó ná, kó má baà máa ṣẹ́jú wìnnìwìnnì. Àbúrò wa pe ìdúró yẹn ní "ìfàsẹ́yìn". Ìfàsẹ́yìn kẹ̀? Bí àìsàn tó padà dé! "Ìsinmẹ̀dọ̀" ni mo mú wá. Ẹni tó bá ní èyí tó dùn létí jù ú lọ, kó gbé e jáde.