Ìmọ̀ràn: lámèyítọ́ wo ni kí akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ kà?

Àkànní:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò mi obìnrin ń kẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì, ó sì ń fọwọ́ sọ̀yà pé lámèyítọ́ lítíréṣọ̀ (ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé wò) lòun máa ṣe, títí òun á fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìtàn àròsọ kún yàrá rẹ̀ fọ́fọ́, ṣùgbọ́n kò tíì ka ìwé lámèyítọ́ kankan parí. Nínú àwọn tiwa, ta ni kó fi bẹ̀rẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn to orúkọ sílẹ̀, ẹ sọ ohun tó máa bá níbẹ̀.

Ọmọ Alárìnjó:
Bíọ́dún Jéyìífò ni o. Ó kọ́ni n'Ífẹ̀, ó kọ́ni ní Cornell àti Harvard ní Amẹ́ríkà, òun náà sì ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, láti 1980 sí 1982. Ẹ wá The Yoruba Popular Travelling Theatre of Nigeria (1984) fún un. Ọ̀jọ̀gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni, àmọ́ àwọn eléré tó ń fi Yorùbá ṣeré láti ìlú dé ìlú ló gbájú mọ́ níbẹ̀. Kò kàn sọ pé eré yìí dùn, tọ̀hún ò dùn. Ó ń wádìí pé ta ló ni ẹgbẹ́, ibo lowó ti ń wá, irú èèyàn wo ló ń sanwó wọlé wò ó. Ìwé rẹ̀ lórí Ṣóyínká (2004) le, kó fi ìyẹn sílẹ̀ ná.

Ìyá Ìbejì:
Mo mọ̀ pé bí mi ò bá sọ ọ́, kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Mọlará Ògúndípẹ̀. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1940, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba fáàsìtì kíláàsì nínú Gẹ̀ẹ́sì n'Íbàdàn, ní 1963. Re-Creating Ourselves (1994) ni kẹ́ ẹ rà. Àròkọ kan wà níbẹ̀ tó ti ka òkè mẹ́fà tí obìnrin Áfíríkà gbé pọ̀n, ìyẹn àwọn ohun tó ń ni í lára. Ìnilára láti òde ni àkọ́kọ́, àṣà àjogúnbá tẹ̀lé e, ọkùnrin wà níbẹ̀, àwọ̀ ara wà níbẹ̀. Ẹ mọ èyí tó fi ṣe ìkẹfà? Obìnrin náà fúnra rẹ̀! Inú máa ń bí àwọn kan tí wọ́n bá débẹ̀ (mo ti rí ẹni tó pa ìwé náà dé), ṣùgbọ́n èmi fẹ́ràn pé kò yọ obìnrin sílẹ̀ nínú ẹjọ́ náà. Akéwì tún ni, ẹ máa rí i nínú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀.

Arínúróde:
Abíọ́lá Ìrèlé ńkọ́?

Ọmọ Alárìnjó:
Faransé ni Ìrèlé kọ́ni n'Íbàdàn, ẹ̀yin náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ.

Arínúróde:
Kí ni ìyẹn fi ṣe? Ẹ lọ ka àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí Fágúnwà, Tutùọlá àti Ṣóyínká nínú The African Experience in Literature and Ideology (1981). Ó fi hàn pé orí ohun tí Fágúnwà fi Yorùbá kọ ni àwọn méjì tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ̀wé dúró lé. Tí àbúrò wọn bá ti ka Fágúnwà rí, kò síbi tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn jùbẹ̀ lọ.

Olùkọ́ Àgbà:
Iṣẹ́ yìí ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n sọ èyí tí kò dùn. Ipò lórí ipò lèèyàn ń gùn ní yunifásítì: Assistant Lecturer, Lecturer II, Lecturer I, Senior Lecturer, Reader, ìgbà yẹn ló tó kan ọ̀jọ̀gbọ́n. Kéèyàn mọ̀ ọ́n kọ́ nìkan kì í gbéni gun àkàbà yẹn. Àpilẹ̀kọ tí àwọn akẹgbẹ́ ẹni ti yẹ̀ wò, tí jọ́nà (ìwé ìròyìn àwọn onímọ̀) sì tẹ̀ jáde, ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó gbéni ga. Òru la máa ń kọ ọ́, torí ìwé ìdánwò tá a fẹ́ máàkì ti gba ọ̀sán.

Nítorí náà, kó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nísinsìnyí. Kó mú eré The Lion and the Jewel ti Ṣóyínká, kó kọ ojú ewé méjì tirẹ̀: kí ló dé tí Sidi fi Lakunle tíṣà sílẹ̀, tó lọ fẹ́ Baroka arúgbó? Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó ṣí The Movement of Transition (1975) ti Oyin Ògúnbà, tó yẹ àwọn eré Ṣóyínká wò, kó wo ibi tí èrò tirẹ̀ àti ti Ògúnbà ti yapa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ka lámèyítọ́, ohùn lámèyítọ́ náà ló máa fi sọ̀rọ̀, kì í ṣe tirẹ̀. Mò ń rí i nínú iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọọdún.

Àkànní:
Ẹ ṣeun gan-an. Ti Ògúndípẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ rà. The Lion and the Jewel wà nílé, mo sì ti ní kó kọ ojú ewé méjì náà wá. Ó ní ta ló sọ mí di lẹ́kíṣọ̀ òun.