Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn: ọmọ mi kọ̀ láti bá mi lọ sí ilé Ọlọ́run

Ìyá Dámi, Ìjẹ̀bú-Òde
Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Ọ̀rọ̀ ọmọ mi ọkùnrin ti sú mi, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Láti kékeré ni mo ti kọ́ ọmọ yìí ní Òfin Mẹ́wàá. Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ó ti ń ka Orin Dáfídì 23 lórí fún àlejò nínú pálọ̀. Ọmọ kan náà ni mo ń jí ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi báyìí, tí yóò wò mí lójú kòrókòró pé òun kò bá mi lọ. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, kò yí padà. Mo ní kò gbọdọ̀ jẹun títí di ìrọ̀lẹ́, ó gba ilé ìyá ọkọ mi lọ, wọ́n sì se ìkọ́kọrẹ́ fún un. Màmá yìí kò fẹ́ràn mi rí láti ọjọ́ ìdána. Nígbà Ojúde Ọba tí ó kọjá, wọ́n rán aṣọ fún ọmọ náà láì bi mí, kí ó lè tẹ̀lé àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ lọ wo ẹlẹ́ṣin, wọ́n sì tún ní kí n san ìdajì owó rẹ̀. Pásítọ̀ wa ní ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ ni ó ń da ọmọ náà láàmú. Ṣé kí n mú un lọ sí orí òkè fún ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta?

Bàbá Ìbejì, Ṣágámù
Pàṣán ni, màmá. Òwe 13:24 kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Nígbà tí èmi wà ní kékeré, ẹni tí kò bá sí ní ìdí àdúrà àárọ̀ ní ilé wa yóò kúnlẹ̀, yóò sì gbé Bíbélì ńlá lórí ọwọ́ méjèèjì títí bàbá wa yóò fi jẹun tán. Kò pa wá lára.

Olùkọ́ Ọmọdé, Ìkẹ́nnẹ́
Bàbá Ìbejì, Éfésù 6:4 náà wà nínú Bíbélì yẹn, ó sì ní kí bàbá má ṣe mú ọmọ bínú. Ìyá Dámi, ẹ kò sọ ọdún tí ọmọ yìí jẹ́, ẹ kò sì sọ ibi tí bàbá rẹ̀ wà. Ohun tí ó tilẹ̀ kọ mí lóminú ni oúnjẹ tí ẹ fi dù ú. Ọmọ tí a bá fi ebi jẹ níyà, tí a sì tún ní kí ó wá gbààwẹ̀ lórí òkè, báwo ni yóò ṣe mọ ìyàtọ̀ láàárín àdúrà àti ìyà?

Ìyá Dámi
Ẹ ṣeun, olùkọ́, ṣùgbọ́n èmi kò fi ebi pa ọmọ mi. Ọmọ tí ó ń múra ìdánwò oníwèé mẹ́wàá kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Ohun tí ìyá ọkọ mi ń ṣe ni kí ẹ bá mi wò.

Aláṣọ Òkè, Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ fi Ojúde Ọba sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni a máa ń ṣe é, Mùsùlùmí àti Kristẹni a sì jọ jáde ní ẹgbẹẹgbẹ́ láti kí Awùjalẹ̀. Bàbá mi tí ó jẹ́ alàgbà nínú ìjọ kò pa á jẹ rí nígbà ayé wọn. Bí ẹnì kan bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òrìṣà, kí ó lọ sọ ti Agẹmọ.

Bàbá Ìbejì
Afẹ́ ayé ni, ìyá aláṣọ. Nítorí pé ọjà yín ń tà nígbà náà ni ẹ kò fi rí i.

Aláṣọ Òkè
Ọjà mi ni ó san owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin, gbogbo wọn sì ń sin Ọlọ́run.

Olùkọ́ Ọmọdé
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ ọmọ. Ìyá Dámi, mo tún béèrè: níbo ni bàbá rẹ̀ wà, níbo sì ni ọmọ náà máa ń wà ní ọjọ́ ìsinmi tí ẹ bá ti jáde?

Ìyá Dámi
Bàbá rẹ̀ wà nílé. N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ gba ibí yìí, ṣùgbọ́n ẹ kò jẹ́ kí n sinmi. Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà tí a ti ṣe ìrìbọmi fún un ni ó ń lọ. Bàbá rẹ̀ ni ó ń tẹ dùùrù níbẹ̀, òun náà sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Èmi ni mo kúrò níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fi ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé joyè Ìyá Ìjọ, tí wọ́n gbójú fo èmi tí mo ti ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run náà kí ó tó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ibi tí mo wà báyìí, ẹ̀mí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo kó aṣọ akọrin rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ àpótí mi, mo sì tì í. Ó lọ yá ti àgbàlagbà kan, ó ká apá rẹ̀ sókè, ó sì bá wọn kọrin bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì
Hẹ̀n-ẹ́n! Ọmọ tí ó ń lọ sí ilé Ọlọ́run ni ẹ ní kí a nà? Mo gba pàṣán mi padà. Síbẹ̀, kò yẹ kí ó máa wò yín lójú bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Ọmọdé
Ẹ̀mí ọ̀tẹ̀ kọ́ nìyí, màmá. Ìjà yín pẹ̀lú ìjọ ni ẹ gbé lé ọmọ lórí, tí ẹ sì fẹ́ kí ó yàn láàárín ìyá àti bàbá rẹ̀. Gíríìkì ni bàbá Tímótì, síbẹ̀ ìgbàgbọ́ Lóìsì ìyá-ńlá rẹ̀ àti ti Yùníìsì ìyá rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù rí lára rẹ̀. Ti yín tilẹ̀ dára jù bẹ́ẹ̀, nítorí pé onígbàgbọ́ ni bàbá, onígbàgbọ́ ni ìyá-ńlá. Deutarónómì 6:7 ní kí a máa kọ́ ọmọ nígbà tí a bá jókòó nínú ilé, nígbà tí a bá ń rìn lọ́nà, nígbà tí a bá dùbúlẹ̀ àti nígbà tí a bá dìde. Kò dárúkọ ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀ rárá. Ṣé ẹ ń gbàdúrà alẹ́ pa pọ̀ nínú ilé?

Ìyá Dámi
A ti dá a dúró láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ìjọ wọn. Kí bàbá rẹ̀ pè é, èmi yóò jókòó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe ní kí n padà sí ìjọ yẹn, torí pé obìnrin náà ṣì wà lórí oyè.

Aláṣọ Òkè
Ta ni ó ní kí ẹ padà? Ẹ ṣí àpótí, kí ẹ kó aṣọ ọmọ fún ọmọ kí ọjọ́ ìsinmi tó dé, kí ẹ sì dá fóònù rẹ̀ padà.

Ìyá Dámi
Aṣọ, mo gbọ́. Ti fóònù, ó di ìgbà tí ó bá ṣe ìdánwò tán.